Pátákó Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn

Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe, kò sì sí pátákó tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í dúró wò tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kó kọ "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára" sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà rọ̀ jù fún ọ̀dà pupa. Ló bá kọ DANDAN NI KÍ GBOGBO YÍN GBA ABẸ́RẸ́. D méjèèjì yọ ikùn bí ìjòyè.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin rẹ̀ bí àkọ́bí. Bàbá àgbà nawọ́ kó gbé e, ìyá ọmọ fà sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ikọ́ ń jà káàkiri. Ẹni tí ò bá tíì gba àjẹsára ò ní gbé e."

"Ṣé ìyẹn náà ni? Màá lọ láàárọ̀ ọ̀la."

Ó lọ lóòótọ́, pẹ̀lú ẹ̀wù alápá kékeré tó wọ̀ nítorí abẹ́rẹ́. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ bá pátákó. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Dandan? Fún èmi? Ta ló ń pàṣẹ fún mi?"

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ohun tí gbogbo àwọn tó ń ṣẹ́rí padà níbí ń sọ nìyẹn. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ ọ́, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Àwọn ẹlòmíràn ni mo kọ ọ́ fún."

Ó padà sílé. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó rí káfíńtà tó ń gbé ní òdìkejì, ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, tí ọmọ náà sùn lé láyà fọnfọn. Káfíńtà tí ò lè kọ D kan ṣoṣo kó gún!

Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì gbé àkàbà, ó di ilé ìwòsàn. Inú nọ́ọ̀sì dùn, ó rò pé ó fẹ́ pa DANDAN rẹ́. Àwọn D yẹn kẹ̀? Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ìsàlẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ sí, wínníwínní: Àfi ẹni tó kọ pátákó yìí.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, ó na apá.

"Ẹ gún mi. Kì í ṣe dandan fún mi mọ́."

Nọ́ọ̀sì gún un. Ó wá fi òwú tẹ ojú ibẹ̀. "Ó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ, kí abẹ́rẹ́ lè ṣiṣẹ́ dáadáa."

Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì fajú ro. "Ṣé dandan ni?"

"Rárá o, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ẹ jọ̀wọ́ ni."