Ẹkún Ọba Kò Dé Kálíńgà

Nígbà tí ọba àríwá fi ogun run wá tán ní Kálíńgà, ó di ọmọlẹ́yìn Búdà, ó sì ní kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ rere sára àpáta ìlú wa. Ó ní gbogbo èèyàn ni ọmọ òun. Ẹni tó dáná sun ilé wa ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, Púsákà aṣojú rẹ̀ á kà á sí wa létí, àwa náà á sì máa mi orí.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Nágásírì aládùúgbò mi bí, àwọn ọmọ ogun sì ti kó o lẹ́rú. Lọ́jọ́ kan ó dìde láàárín èrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ olúwa mi, ẹ kà á débi tí ọba ti sunkún."

"Ibo nìyẹn, ìyá?"

"Wọ́n ní ó wà lára àpáta àríwá, pé àwọn tó pa àtàwọn tó kó lọ ní Kálíńgà ń dun ọba. Tó bá ń dùn ún, kó dá ọmọ mi padà."

Òótọ́ ló sọ. Etí àwọn tí ọba ò ṣe ní nǹkan kan ló ń sunkún sí. Ó fo àwa tó pa lọ́mọ. Inú ṣì ń bí mi.

Púsákà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló sọ fún yín, ìyá? Ẹ fi í hàn mí, màá ránṣẹ́ pe ọmọ yín."

Ó pẹ́ kó tó nawọ́. Vásúlà oníyọ̀, àbúrò rẹ̀ tó ń ná ọjà àríwá, ló nawọ́ sí. Wọ́n dè é lójú ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi ńkọ́, olúwa mi?"

"Ṣebí o gbọ́ ohun tí mo kà? Ọmọ ti wà lọ́dọ̀ ọba bàbá rẹ̀. Kí lo tún ń wá?"

Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, torí ojú wa ni wọ́n ń wò.

Wọ́n dá Vásúlà lẹ́bi ikú, torí ó gbé ọ̀rọ̀ tí a ò gbọdọ̀ gbọ́ wọ̀lú. Àánú ọba ni pé wọn kì í pa ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lọ́jọ́ náà gan-an; wọ́n á fún un láyè kó gbàdúrà. Èmi àti Nágásírì la jọ gbé ìrẹsì lọ sẹ́wọ̀n. Vásúlà ò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti dé?"

"Ó ti dé," ni Nágásírì wí. "Ó ti ga jù mí lọ. Ó ń sùn nílé."

Vásúlà mí kanlẹ̀. "Ẹ ò tà mí lásán nìyẹn."

Ó fa ìrẹsì náà mọ́ra, ó sì jẹ ẹ́ tán lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.