Ẹja Tó Kọ́kọ́ Wọlé

Ọjọ́ Sátidé ni Ṣubúọlá sọ ọ́, ó sì rọra sọ ọ́, èyí tó já Múyìwá, ọkọ rẹ̀, láyà ju ariwo lọ.

"Bàbá Pamílẹ́rìn, mo fún yín di Sátidé tó ń bọ̀. Tí ẹja yín bá tún pa ẹnì kejì rẹ̀, kí ẹ gbé táǹkì onígíláàsì yẹn kúrò ní pálọ̀. Fírísà mi ló máa dúró síbẹ̀."

Ẹja inú yìnyín ni Ṣubúọlá ń tà fún àwọn ará Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, títọ́ọ̀sì àti kòtè, inú kọ́rídọ̀ tóóró ni fírísà rẹ̀ sì wà, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti ń fi orúnkún gbá a. Ẹja tó ń bọ́ ilé wà ní kọ́rídọ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè jẹ, tí ẹnikẹ́ni ò lè tà, ló jókòó sí pálọ̀ tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Múyìwá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé gbèjà. Àmọ́ ẹ̀rọ ló ń tún ṣe ní ilé iṣẹ́ oníke kan, ariwo ni láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, táǹkì omi iyọ̀ yẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé tó ń rìn láìpariwo.

Ẹja tó ń fa wàhálà náà kéré, ó dúdú, ó sì ní àmì funfun mẹ́ta lára. Dámúsẹ́lì ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Ó ti gé ìrù àwọn ẹja méjì aláwọ̀ ọsàn, tí wọ́n ń pè ní ọlọ́sàn, tí Pamílẹ́rìn, ọmọbìnrin wọn, fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lé ẹja yẹ́lò kan títí tí ìyẹn fi fò jáde kúrò nínú omi, tó bọ́ sẹ́sẹ̀ Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ̀gbọ́n Ṣubúọlá, tó wá kí wọn. Kí wọ́n tó rí i gbé, ó ti kú.

Lọ́jọ́ Àìkú, Múyìwá lọ bá Táòfíkì, ẹni tó ta ẹja náà fún un ní Ọ̀kọ́tà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja wo lẹ kọ́kọ́ fi sínú omi?" Táòfíkì bi í.

"Dúdú kékeré yẹn."

"Mo kọ ọ́ síwèé fún yín pé kí ẹ fi í sí i kẹ́yìn."

"Mo kà á."

Ó kà á lóòótọ́, ó sì fi bírò fàlà sí i lábẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ó kàn rò pé ẹni tó fún un nímọ̀ràn náà ò gbé ilé oníyàrá mẹ́wàá rí ni. Òun gbé e. Oṣù kẹta ọdún 2009 ló kó wọ ọ̀kan ní Òṣòdì, pẹ̀lú báàgì kan àti ẹní kan. Bàbá Àjíbíkẹ́ ló ti pẹ́ jù níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló nilé, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ rán an létí. Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń wọ balùwẹ̀, mẹ́fà ku ogún ló ń jáde. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń gbálẹ̀ fún gbogbo ilé. Gílóòbù kọ́rídọ̀ tí Múyìwá fi ń kàwé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá Àjíbíkẹ́ tú u. Múyìwá lè sọ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nítorí náà, nígbà tó rí ẹja tó kéré jù, tó dá dúró sí igun láìbá ẹnikẹ́ni ṣe, ara rẹ̀ ló rí. Ó fi í sínú táǹkì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àwọn yòókù, kó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn, kí wọ́n má baà fìyà jẹ ẹ́.

Nígbà tó ṣàlàyé èyí, Táòfíkì ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn kọjú sí ògiri fúngbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ ti sọ ọ́ di lándílọ́ọ̀dù," ló wí nígbà tó yíjú padà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yan dámúsẹ́lì torí pé ó dákẹ́. Inú ike tèmi níbí, gbogbo wọn ló ń dákẹ́. Èyí tó wà ní igun yẹn, igun yẹn ló ń ṣọ́." Ó nawọ́ sí ẹja búlúù kan tí ìrù rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. "Dámúsẹ́lì lòun náà, ṣùgbọ́n ìjà tiẹ̀ ò pọ̀. Ẹyọ kan péré ni kí ẹ mú. Ẹ kọ́kọ́ mú alágídí yẹn padà wá fún mi. Ẹ tún gbogbo òkúta inú táǹkì tò, kó má sẹ́ni tó máa lè sọ pé ibi tòun nìyí. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, tí ọkàn àwọn tó kù ti balẹ̀, kí ẹ wá gbé búlúù yìí."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Múyìwá ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ẹja náà ò ṣeé mú àfi tí gbogbo òkúta bá jáde, àwọn abọ́ omi tí wọ́n máa kó òkúta náà sí ò sì rí àyè jókòó.

"Ẹ sún àga yín," Ṣubúọlá wí.

Àga Múyìwá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Kò sẹ́lòmíì tó ń jókòó lé e.

"Àga yẹn? Ibi tó wà ló yẹ ẹ́."

Ṣubúọlá gbé abọ́ sílẹ̀. "Bàbá Pamílẹ́rìn, ta ló kọ́kọ́ wọ ilé yìí?"

"Èmi ni. 2014. Ìwọ dé ní 2016."

"Ọjọ́ tí ẹ wọlé, ibo lẹ gbé àga yìí sí?"

"Ibẹ̀ yẹn náà ni."

"Ó kúrò níbẹ̀ rí?"

Ó ronú. Ẹni tó lè ka iye ìgbà tí wọ́n tú gílóòbù lórí òun kò rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tó sún àga yìí fún ẹnikẹ́ni. Ó wá bojú wẹ̀yìn. Pamílẹ́rìn, tó ti fìdí lé apá àga náà kó lè máa wo ẹja, yára dìde bí ojú wọn ṣe pàdé. Bí àwọn ẹja ọlọ́sàn ṣe ń yà fún ẹja dúdú gan-an ló ṣe yà.

Múyìwá gbé àga náà lọ sí yàrá. Ó kó òkúta jáde, ó mú ẹja náà, ó sì gbé e padà fún Táòfíkì nínú ike tó dé pa. Ní gbogbo ọ̀nà ni ẹja náà dúró sí igun, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí.

Lọ́jọ́bọ̀, búlúù wọlé. Ó yí òkúta ká lẹ́ẹ̀mejì, ó rí ihò kékeré kan nísàlẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Àwọn ẹja ọlọ́sàn wò ó, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Nígbà tó fi máa di Sátidé, kò sí ìrù tó tún gé. Ṣubúọlá dúró níwájú táǹkì, ó wò ó dáadáa, ó ní kó máa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn aládùúgbò méjì, wọ́n bá a gbé fírísà wọ pálọ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, síbi tí àga wà tẹ́lẹ̀.

Múyìwá fa àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà náà, ó jókòó, ó ń wo ẹja. Kò tíì gbádùn ìjókòó náà tí oníbàárà kan fi wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi sún díẹ̀, kí ìyàwó yín lè ṣí fírísà."

Ó sún.