Èéfín Kọfí Olówó Pọ́ọ́kú

Nígbà náà, Màmá Askale tí ilé wọn fara kan tiwa ṣì wà láyé. Bàbá mi ti kú. Kifle, ẹ̀gbọ́n mi, wà láyé, ṣùgbọ́n orí àjà ló wà, lókè ibi tí ìyá mi ti ń dáná gan-an, nítorí àwọn ṣọ́jà ń kó ọmọ iléèwé ní Jimma, ìlú wa, ẹni tí wọ́n bá sì kó, a kì í rí i mọ́.

Ìyá mi ò fẹ́ yan kọfí. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ilé tí òórùn kọfí ò bá ti jáde, àwọn èèyàn á máa bi ara wọn pé kí ló ṣe wọ́n. Ìbéèrè yẹn ń bà á lẹ́rù ju ìbọn lọ. Bí ògiri bá lanu, aláǹgbá á ráyè wọ̀ ọ́: kò sọ ibi tí Kifle wà fún ẹnikẹ́ni, títí kan Màmá Askale.

Kọfí tútù tí agbára ìyá mi ká ni èyí tí wọ́n gbá nílẹ̀ ọjà, fífọ́ pẹ̀lú èèpo. Irú rẹ̀ máa ń rú èéfín bí igbó tó ń jó. Ó dà á sórí irin gbígbóná, ó ń rò ó. Màmá Askale wọlé láìkan ilẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe. Kó tó jókòó tán, Lemma, olórí ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, tọ òórùn wọlé, ìbọn léjìká.

"Ìyá Kifle, ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ dá a mu ni?"

"Rárá o, ọ̀gá. Ẹ jókòó."

"Kifle tiwa ńkọ́?"

"Ó wà lóko, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀."

A kì í lé ẹni tí òórùn kọfí pè. Ìyá mi gbé irin náà yí wọn ká, kí kálukú fọwọ́ fa èéfín símú, kó sì súre. Ṣùgbọ́n èéfín náà ò dúró nílẹ̀. Ìyá mi ń wò ó bó ṣe ń gòkè lọ sí àjà, bí ìgbà téèyàn ń wo ejò tó ń wọ yàrá ọmọ.

Ẹnìkan wúkọ́ lókè.

Lemma gbójú sókè.

Àfi bí Màmá Askale ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó wúkọ́ títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. "Ìyá Kifle, o fẹ́ pa mí! Kọfí lo rà ni àbí pàǹtí?" Ó di ẹ̀wù Lemma mú, ó wúkọ́ sí i lójú. "Ọmọ mi, gbé mi jáde, mi ò lè mí!"

"Màmá, ẹ má kó ikọ́ ràn mí!" Lemma wọ́ ọ jáde. Kò padà wọlé mọ́.

Kọfí ti jó di èédú lórí irin. Nígbà tí Màmá Askale padà dé, ó nu ojú rẹ̀. "Yan òmíràn," ló wí. "Mi ò tíì mu ife kẹta, ife ìbùkún." Kò wo òkè rárá.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyá mi á máa sọ pé, "Ọlọ́run ló rán ikọ́ sí arúgbó yẹn."

Lọ́jọ́ tí Màmá Askale kú, ìyá mi ló yan kọfí fún àwọn tó wá dárò. Èéfín gba yàrá kan. Kifle, tó ti ń hu ewú, wúkọ́ títí.

Ọmọbìnrin olóògbé rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àti èéfín! Màmá wa tó yan kọfí títí ó fi darúgbó, n ò rí i kó wúkọ́ rí."

Ìyá mi dáwọ́ ríro dúró. Kọfí náà ń jó, kò sì gbé e kúrò.