Ẹ̀tàdínláàádọ́rùn-ún

Ó ti tẹ ìlà mọ́kànlá wọ inú kọ̀ǹpútà náà kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Ìka Célestin wà lókè, kò sọ̀kalẹ̀. Ó wo kayé, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ àtijọ́, tó tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó fi ṣe ojú kọ̀ǹpútà, ó tún un wò.

Kásẹ́ẹ̀tì tó gba eré kọ̀ǹpútà tó fúnra rẹ̀ ṣe sí ti bàjẹ́ tipẹ́. Kayé yìí ló kù, tó fọwọ́ kọ gbogbo ìlà rẹ̀ sí ní ọdún 1986, nígbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Porto-Novo. Ó kàn fẹ́ rí eré náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Eré náà kò le. Kọ̀ǹpútà a kọ orúkọ nọ́ńbà kan ní Yorùbá, ìwọ a tẹ iye rẹ̀. Ẹni tó bá gba mẹ́wàá láìṣì ló borí.

Ìlà kejìlá ni ti àádọ́rùn-ún. Níbi tó yẹ kí "dín" ti yọ nǹkan kúrò, àmì àròpọ̀ ló kọ síbẹ̀. Òǹkà Faransé ló ti wọ̀ ọ́ lára. Faransé kì í dín. Fífi kún ni tirẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ Faïzatou wá sí i lọ́kàn, ọmọ bàbá rẹ̀.

Ọdún yẹn, ó gbé ẹ̀rọ náà wá sí Savè nígbà ìsinmi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Faïzatou. Ó ti parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá wọn sì ti ní ó tó bẹ́ẹ̀. Célestin bẹ̀bẹ̀ pé kí òun mú un lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá kò mọ̀wé. Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ náà.

"Bó bá borí nǹkan rẹ yìí, kó máa bá ọ lọ."

Ará ilé kún yàrá. Faïzatou gba mẹ́sàn-án bí ẹni ń ṣa kajú nílẹ̀. Ẹ̀kẹwàá yọ: ẹ̀tàdínláàádọ́rùn-ún. Ó tẹ 87. Ẹ̀rọ ní rárá, 93 ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un wò."

"Ẹ̀rọ kì í ṣì."

"Bàbá, mo gbà á."

"Ẹni tó ṣe é ti sọ̀rọ̀," ni Bàbá wí.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Célestin kò tún un wò. Kò fẹ́ kí ojú ti ẹ̀rọ rẹ̀ lójú èrò. Òun nìkan ló padà sí Porto-Novo. Lọ́dún kẹrin, Faïzatou relé ọkọ ní Kaboua.

Lónìí, nílé rẹ̀ ní Savè, Célestin tẹ àmì àyọkúrò, ó tẹ ìyókù parí. Kò pa ẹ̀rọ náà. Ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà zémìjàn, ó di Kaboua.

Faïzatou ń gé iṣu èlùbọ́ lábẹ́ igi.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀tàdínláàádọ́rùn-ún."

Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró díẹ̀. "Ẹ̀rọ yín ti ronú pìwà dà?"

"Èmi ni mo ṣì í. Àmì kan ni."

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀."

"Wá sílé. Mo ti tún un ṣe. Ẹyọ kan ló kù fún ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, inú kò bí i. "Bàbá á wà níbẹ̀?"

Ọdún mọ́kànlá nìyí tí wọ́n ti sin bàbá wọn.

"Ẹn-hẹ́n," ni Faïzatou wí. Ó fa iṣu mìíràn mọ́ra. "Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín."

Célestin mu omi náà tán. Ó dìde.

Nígbà tó délé, iná ti lọ, ó sì ti dé padà. Ẹ̀rọ náà kì í rántí ohunkóhun bí iná bá lọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́ roro, kò sí ìlà kan níbẹ̀. Kò tún un tẹ̀ mọ́.

Ó dá kayé náà padà sínú àpótí. Àmì àròpọ̀ ṣì wà ní ìlà kejìlá, ní tàdáwà búlúù.