Ìlà Kan Nínú Ìwé Ìran

...ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kan péré ni mo ní kí n gbé, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Oòrùn ṣì wà lókè. Igi mẹ́ta tí wọ́n tẹ́ sórí odò ni gbogbo afárá yìí, mo ti ń gbà á láti kékeré. Yèyé mi wà lábà wa lódìkejì ẹ̀, lọ́nà Ìgèdè, mọ́tò ò dé bẹ̀. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí kò dìde. "Ẹ ní kó wá ulé, ẹ ní kó yára." Bẹ́ẹ̀ ló ránṣẹ́.

Mo bẹ àwọn ọkùnrin ìjọ pé kí wọ́n bá mi gbé e wá sọ́sibítù l'Adó. Wọn ò gbà. Nítorí afárá...

Nítorí mi.

Èmi akọ̀wé ìran. Torí mo kàwé dé Sitandáàdì Fọ́ọ̀ ni wọ́n ṣe fi mí síbẹ̀. Bí ẹ̀mí bá gbé Ìyá Àdùnní, aríran ìjọ wa, kí n máa kọ ohun tó ń rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ń tú lẹ́nu ẹ̀ bí òjò, pẹ́ńsùlù mi kán—mi ò bá a mọ́. Ojú ń tì mí láti gbé ìwé òfìfo fún Àpọ́sítélì Akínyẹlé. Mo bá fi tara mi kún un. Ọkùnrin gíga kan dúró nídìí afárá, kò lójú. Ìlà kan péré.

Ìyá Àdùnní kì í rántí ohun tó bá sọ nínú ẹ̀mí. Nígbà tí wọ́n kà á sókè, ó mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Olúwa fi hàn mí." Ó gba ìwé gbọ́. Ó gbà mí gbọ́...

Ni wọ́n bá kéde ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Gbogbo ìjọ ń pariwo àdúrà lé ọkùnrin afárá náà lórí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, Bámgbóyè sáré toko dé: "Ẹ̀yin ará, mo rí i. Ó ń súfèé." Èmi ò kọ súfèé. Monínúọlá ní aṣọ pupa ló wọ̀. Èmi ò kọ aṣọ. Ẹnìkan fún un lóhùn, ẹnìkan dáṣọ fún un—ebi ń pa wá, òun ń sanra.

Láàárọ̀ yìí, Bámgbóyè kan náà: "Akọ̀wé, bó bá súfèé, má súfèé padà o. Èwo lo máa fi sá nínú ẹsẹ̀ tín-ín-rín yẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kí ló dún yẹn? Ọparun ni. Atẹ́gùn ló ń fẹ́ ọparun... àbí—

Bí mo bá kọjá láìrí nǹkan, mo gbọ́dọ̀ padà lọ jẹ́wọ́ pé irọ́ ni ìlà yẹn. Kí wọ́n lè wá gbé Yèyé. Lójú gbogbo ìjọ, lójú Ìyá Àdùnní tó ń pè mí lọ́mọ òun. Ṣùgbọ́n bó bá dúró síbẹ̀, gíga, láìlójú... á jẹ́ pé mi ò purọ́. Á jẹ́ pé Olúwa ló lo ọwọ́ mi.

Ètè mi ń mì. Mo ti ń gbàdúrà látìgbà tí mo ti dé etí odò, mo ṣe bí àdúrà ààbò ni. Mo tẹ́tí sí i, mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Olúwa, jẹ́ kó wà. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó wà.