Igi Kòkó Ẹgbàárùn-ún Ó Lé Méje

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá kí n tó gbàgbé. Àwọn igi kòkó bàbá wa ń wọ pálọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jókòó, wọ́n ká ẹ̀ka lé itan bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Bàbá tí a ti sin ló ń kà wọ́n: ẹgbàárùn-ún ó lé méje.

A pín wọn ní ìdí-igi fún ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, igi méjì ṣẹ́kù. A pín wọn fún àwa ọmọ mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ṣẹ́kù, wọ́n ń sunkún.

Bàbá ní, “Iye yìí kò ṣe é pín dọ́gba, àfi kí igi kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín, tàbí kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀. Ta ni?”

Gbogbo yín ń wo ilẹ̀. Nígbà tí mo jí, ọwọ́ mi ṣì wà lókè.