Kókó Tó Wà Lọ́rùn Mi

Kókó. Bó ṣe pè é nìyẹn. Dókítà kékeré yẹn, tí mo tó bí ìyá ẹ̀ lọ́mọ — ó ń ti ẹ̀rọ tútù kiri ọrùn mi, àwòrán ojú ẹ̀rọ ló ń wò, kò wo ojú mi. "Ìyá, kókó kan wà níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ."

Gẹ̀gẹ̀ wo? Mò ń jẹun, ó ń lọ. Mò ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. Kí ló wá kù?

Ọmọ mi obìnrin ní, "Màámi, kí wọ́n gé e dànù, ká sinmi." Ká sinmi. Ta ló ní ó rẹ òun? Àbúrò mi ní tiẹ̀ ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án o, á bínú." Bí ẹni pé ajá ló sùn síbẹ̀.

Dókítà ní èyí tó pọ̀ jù nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí tèmi ṣe rí nínú àwòrán... "Ẹ jẹ́ ká fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ wò. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá." Mo ní rárá. Ogójì ọdún tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ rán ìrọ̀rí jẹun, kò wọ ọrùn ẹnì kankan rí.

Òní ni Ajé. Aago mẹ́sàn-án ti lù. Kó máa lù.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Tíṣà tó ni ìrọ̀rí yìí ní, "Ìyá Onírọ̀rí, kókó ẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn, ẹ kúkú dà á nù." Mo fi í rẹ́rìn-ín. Odindi ìrọ̀rí, nítorí kókó kan? Mo kọ́kọ́ máa ń tẹ̀ ẹ́ ni: ṣé ó rọ̀, àbí ó le gbagidi? Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ gígùn. Mi ò tíì tú ojú rírán kankan. Tí abẹ́rẹ́ bá kọjá, òwú ló ṣù, màá fọwọ́ tú u. Tó bá kan nǹkan líle, ìgbà yẹn ni màá mú abẹ, ojú ibẹ̀ nìkan. Mi ò fi ojú lásán dájọ́ kókó rí, mi ò sì —

Dúró ná.

Abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Èmi tí mò ń tẹ kókó oníkókó... láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀ yẹn, mi ò tíì fọwọ́ kan ọrùn ara mi.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni mò ń sá fún. Ohun tó máa bá níbẹ̀ ni.

Ó dáa. Ẹnikẹ́ni ò ní gé mi bí aṣọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá mi dúró sílé. Kí dókítà kékeré yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, mò ń bọ̀. Màá bi í bó ṣe gùn tó, ibi tó máa gbà wọlé, ọjọ́ tí èsì máa jáde. Tọ́wọ́ ẹ̀ bá ń gbọ̀n, màá kọ́ ọ.

Ìrọ̀rí ṣì wà lórí itan mi. Abẹ́rẹ́ ti kọjá — òwú lásán.

Tèmi, mi ò tíì mọ̀. Màá mọ̀.